Bí alágbàtà orí ayélujára ṣe ń rí owó, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi ẹnu yín polówó ọjà ọlọ́jà

Bí ẹ bá ní ojú òpó tẹ́ ẹ ti ń kọ nǹkan, tàbí ẹ̀ ń ṣe fídíò sórí YouTube, Facebook tàbí TikTok, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ fún yín pé ẹ lè máa fi ṣe iṣẹ́ affiliate. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju pé kẹ́ ẹ gba líǹkì, kẹ́ ẹ fi síta, kẹ́ ẹ sì máa retí álàátì. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan sì ń jẹun níbẹ̀. Àmọ́ àárín líǹkì àti álàátì jìn díẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pàdánù dáta, àkókò àti orúkọ rere wọn. Bí owó náà ṣe ń rìn la kó jọ síbí fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ tún ń kà wá lórí ayélujára.

Kí ni affiliate gan-an?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá mọ alágbàtà ti mọ affiliate. Agbèrò tó ń pariwo orúkọ ìlú ní gárééjì kò ní ọkọ̀, kì í sì í wa ọkọ̀. Èrò tó bá kó wọlé ni dẹ́rẹ́bà máa fi san owó fún un. (Agbèrò bí orúkọ náà ṣe jẹ́ gan-an là ń sọ o, kì í ṣe èyí tó ń fi igi gba owó lọ́wọ́ onímọ́tò lójú títì.) Ajẹ́ńtì ilé náà kò kọ́ ilé kankan. Owó tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń gbà ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní làádà.

Ẹni tó ń gba làádà lórí ayélujára ni affiliate. Ilé iṣẹ́ tó ní ọjà á fún un ní líǹkì tó ní àmì tirẹ̀ lára. Ẹni tó bá gba orí líǹkì yẹn wọlé, tó sì ra nǹkan, ilé iṣẹ́ náà á yọ ìdá kan nínú owó ọjà fún alágbàtà. Owó náà ń jáde látinú èrè ẹni tó ni ọjà, kì í ṣe pé wọ́n bù ú lé oníbàárà lórí.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ oríṣi méjì mìíràn tí àwọn tó ń kọ nǹkan sórí ayélujára fi ń rí owó. Google máa ń san owó ìpolówó tó fi sí ojú òpó èèyàn, bóyá ẹni tó wò ó ra nǹkan ni o, bóyá kò rà. Ilé iṣẹ́ sì lè pè yín, kí wọ́n san iye kan pàtó fún yín láti ṣe fídíò kan ṣoṣo. Ti affiliate kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lè wo fídíò yín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Bí kò bá sẹ́ni tó rà, ẹ ò ní gba kọ́bọ̀.

Amazon ló sọ ètò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ọdún 1994 ni Jeff Bezos dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti máa ta ìwé, oṣù Keje ọdún 1996 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Associates: ẹni tó bá ní ojú òpó tó fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé lè fi líǹkì sí i, kó sì gba làádà lórí èyí tí wọ́n bá rà. Ní Nàìjíríà, ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ọjà títà lórí ayélujára, àwọn náà sì ṣí ilẹ̀kùn fún alágbàtà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ta ohun tí kò ṣeé dì sínú páálí dé, ìwé orí fóònù, ẹ̀kọ́ inú fídíò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Selar, tí Douglas Kendyson dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Níbẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀kọ́ ló máa sọ iye ìdá tó fẹ́ fún alágbàtà.

Bí líǹkì ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán oníbàárà wá

Líǹkì affiliate kò yàtọ̀ sí líǹkì yòókù, àfi ìrù rẹ̀. Nínú ti Amazon, ẹ máa rí "tag=", orúkọ tí wọ́n fún yín á sì tẹ̀ lé e. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń parí sí -20, ti Ìlú Ọba sí -21. Bí ẹnì kan bá gé ìrù yẹn kúrò, ọjà náà á ṣì ṣí, oníbàárà á ṣì rà á, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ júwe ọ̀nà.

Bí èèyàn bá tẹ líǹkì yín, ojú òpó tó ń ta ọjà á fi àmì kékeré kan pamọ́ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kúkì ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa rántí ẹni tó mú oníbàárà wá, ó sì ní ọjọ́ tó máa kú. Ti Amazon kò ju wákàtí 24 lọ; bí oníbàárà bá ti kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ láàrin àkókò yẹn, ó ní ọjọ́ 89 láti sanwó kí làádà yín tó lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń fún yín ní oṣù kan, àwọn kan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kẹ́ ẹ béèrè iye ọjọ́ yìí kẹ́ ẹ tó béèrè iye ìdá. Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn èèyàn kì í sábà ra ọjà olówó gọbọi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Wọ́n á dúró de owó oṣù tàbí kí àjọ kàn wọ́n. Wọ́n á bi ọkọ tàbí aya léèrè. Wọ́n á ní kí ẹnì kan bá wọn yẹ iye rẹ̀ wò ní Àlàbá l'Ékòó tàbí ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn. Kí wọ́n tó padà wá rà á, kúkì wákàtí 24 ti kú tipẹ́.

Fóònù ni kúkì mọ̀, kò mọ èèyàn. Ẹni tó tẹ líǹkì yín lórí fóònù nínú ọkọ̀, tó wá lọ fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ra ọjà náà, ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bákan náà, bí ẹni méjì bá júwe ọjà kan náà fún oníbàárà, ẹni tó tẹ líǹkì rẹ̀ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń gba gbogbo làádà.

Ọ̀rọ̀ "ẹni ìkẹyìn" yìí ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìkànnì YouTube kan tó ń jẹ́ MegaLag fẹ̀sùn kan Honey, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá ẹ̀dínwó nígbà tó bá fẹ́ sanwó lórí ayélujára. PayPal ló ni Honey, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ni wọ́n sì fi rà á. Ẹ̀sùn náà ni pé bí oníbàárà bá dé ibi tó ti ń sanwó, Honey á pa àmì alágbàtà tó mú un wá rẹ́, á sì fi tirẹ̀ sí i. PayPal dáhùn pé ìlànà ẹni ìkẹyìn tí gbogbo ọjà ń lò ni Honey ń tẹ̀ lé. Àwọn tó ń ṣe fídíò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún 2025, Google yí òfin rẹ̀ padà fún irú àwọn irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome: wọn kò gbọdọ̀ fi líǹkì affiliate sí i mọ́ bí kò bá sí àǹfààní kankan tó ń ṣe fún oníbàárà lákòókò yẹn.

Ìdí rèé tí kóòdù fi wúlò ju líǹkì lọ nígbà mìíràn. Kóòdù ni ọ̀rọ̀ kúkurú kan, bóyá orúkọ yín àti nọ́ńbà, tí oníbàárà máa kọ síbi tó ti ń sanwó láti gba ẹ̀dínwó. Kò nílò kúkì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò tàbí nínú pọ́díkáàsìtì lè fi ẹnu sọ ọ́, kí olùgbọ́ kọ ọ́ sórí bébà, kó sì lò ó lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Bí ilé iṣẹ́ bá lè fún yín ní méjèèjì, ẹ gba méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká ní ẹ kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó jẹ́ 120,000 náírà, ilé iṣẹ́ sì ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún làwọn máa fún yín. Làádà orí ẹ̀rọ kan jẹ́ 4,800 náírà. Ká tún ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ló ka ọ̀rọ̀ yín, ogójì tẹ líǹkì, méjì ló ra ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ló yàn láti sanwó nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé, ó ní owó ti bá ìṣòro mìíràn lọ, ó dá wọn padà. Ọjà tí wọ́n bá dá padà, làádà rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Gbogbo wàhálà yẹn, 4,800 náírà. Ẹ wá yọ owó dáta kúrò.

Ẹ̀kọ́ inú fídíò tó jẹ́ 20,000 náírà ńkọ́? Wọ́n lè fún yín ní ìdajì, 10,000 náírà, lórí ẹyọ kan. Ìdí tí ìdá rẹ̀ fi ga ni pé kò sí owó ọkọ̀, kò sí páálí, kò sí ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tó ṣe fídíò náà lẹ́ẹ̀kan lè tà á fún ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ìdí yìí kan náà ló fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó pè é ní ẹ̀kọ́, kó sì fún alágbàtà ní ìdajì owó kó lè bá a tà á. Ìdá gíga kì í ṣe ẹ̀rí pé ọjà dára. Nígbà mìíràn, òun gan-an ló yẹ kó jẹ́ kẹ́ ẹ fura.

Ìdá náà kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti sé gbogbo ayé mọ́lé tí àwọn èèyàn ń ra nǹkan lórí ayélujára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Amazon gé làádà lulẹ̀. Ti àga, tábìlì àti irinṣẹ́ ìtúnléṣe wá láti ìdá 8 sí ìdá 3. Ti oúnjẹ wá láti ìdá 5 sí ìdá 1. Ẹni tó fi ọjà Amazon nìkan gbọ́ bùkátà tẹ́lẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ nínú owó rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé òǹkàwé rẹ̀ dín kù.

Kí lẹ máa kọ tí ẹnì kan á fi rà á?

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní affiliate máa ń sáré kọjá. Fífi líǹkì sórí WhatsApp status lójoojúmọ́ pẹ̀lú "ẹ tẹ ibí yìí o" kì í ṣe iṣẹ́. Àwọn èèyàn á kàn fi ìka fò ó ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó fẹ́ rà á ni télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ní Abẹ́òkúta tàbí Ọ̀ṣogbo. Gbogbo ohun tó máa rí bó bá wá a lórí ayélujára ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń rán aṣọ bí eré ìdárayá ní òkè òkun. Wọn ò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣé ẹ̀rọ náà lè gun aṣọ òkè tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹrin láìṣẹ́ abẹ́rẹ́? Bí abẹ́rẹ́ tó bá a wá bá tín-ín-rín jù, ṣé ó gba nọ́ńbà 16? Mọ́tò rẹ̀ ńkọ́, ṣé irú èyí tó ń pariwo látàárọ̀ tó sì ń jẹ iná bóyá èèyàn ń rán nǹkan tàbí kò rán ni, àbí èyí tí wọ́n ń pè ní servo, tó máa dákẹ́ bẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò? Ṣé inverter kékeré lè gbé e? Bí iná bá lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí aṣọ ìgbéyàwó ṣì wà nílẹ̀, ṣé ẹ̀rọ Butterfly àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní sàn jù? Níbo ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, ta ló sì lè tún un ṣe?

Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní Yorùbá, tó ya fọ́tò ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tó fi aṣọ òkè sábẹ́ rẹ̀ kí àwọn èèyàn gbọ́ ìró rẹ̀, ti ṣe ohun tí ojú òpó ńláńlá kò lè bá a ṣe. Bí ẹ kò bá ní owó láti ra ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ lọ bá ẹni tó ti ń lò ó fún ọdún kan, kẹ́ ẹ bi í léèrè. Nígbà mìíràn èyí tún dára ju ẹ̀rọ tuntun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí lọ. Kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó kù sí. Àyẹ̀wò ọjà tí kò ní àléébù kankan, ìpolówó lásán ni, àwọn èèyàn wa sì mọ̀ ọ́n lójú.

Google náà ti ń lọ síbẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n ti kéde pé àyẹ̀wò ọjà tí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ kan ọjà náà fúnra rẹ̀ làwọn máa gbé síwájú, pé àdàkọ ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara páálí á máa lọ sẹ́yìn. Wọ́n tún ní kí àwọn tó ní ojú òpó fi àmì "sponsored" sínú kóòdù líǹkì tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Ẹni tó bá ń bá yín ṣe ojú òpó mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí.

Ẹ wo Wirecutter. Ọdún 2011 ni Brian Lam, tó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn orí ayélujára Gizmodo, dá a sílẹ̀. Dípò kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ tuntun ní wákàtí wákàtí, ńṣe ni wọ́n á mú oríṣi ọjà kan, wọ́n á dán ọ̀pọ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, wọ́n á wá sọ ọ̀kan tó dára jù àti ìdí rẹ̀. Làádà affiliate ni wọ́n ń jẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ìwé ìròyìn New York Times rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là. Ohun tí wọ́n rà níbẹ̀ kì í ṣe líǹkì, torí líǹkì kò lówó lórí. Ìgbàgbọ́ tí òǹkàwé ní nínú wọn ni wọ́n rà.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ ń gba owó

Ní rédíò, ìlànà àjọ NBC ni pé ìpolówó gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀ sí ètò. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ: orin á wọlé, ohùn á yí padà, ẹ á mọ̀ pé ọlọ́jà ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe olóòtú ìròyìn. Lórí ayélujára, ẹnu kan náà ló ń sọ ìròyìn tó tún ń ta ọjà, kò sì sí orin kankan láàrin wọn. Ẹ̀yin lẹ máa fi í síbẹ̀.

L'Amẹ́ríkà, àjọ FTC ní ẹni tó bá ń gba owó lórí ọjà tó ń yìn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síbi tí òǹkàwé á ti rí i kedere. Ní Ìlú Ọba, àjọ ASA ń béèrè ohun kan náà, ọ̀rọ̀ "Ad" ni wọ́n sì fẹ́ rí níbẹ̀rẹ̀. Amazon fúnra rẹ̀ kò gbà kí alágbàtà rẹ̀ fi í pamọ́, ó wà nínú àdéhùn tẹ́ ẹ tẹ "mo gbà" sí láìkà á. Ní Nàìjíríà, òfin ARCON ti ọdún 2022 ló ń darí ìpolówó, ti orí ayélujára náà sì wà nínú rẹ̀. Ní ti oògùn, àgbo, ọṣẹ ìbóra àti oúnjẹ, NAFDAC kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni polówó èyí tí wọn kò fọwọ́ sí. Ẹni tó ń fi líǹkì ta "àgbo tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà" lórí Facebook kò lè sọ pé affiliate lásán lòun bí wọ́n bá dé.

Kò gba wàhálà. Gbólóhùn kan tó: "Bí ẹ bá gba orí líǹkì yìí ra ọjà náà, ilé iṣẹ́ á fún mi ní làádà díẹ̀, kò fi kún owó tẹ́ ẹ máa san." Ẹ kọ ọ́ sókè, kí òǹkàwé tó dé ibi líǹkì. Ẹ má ṣe fi pamọ́ sísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Lójú tèmi, gbólóhùn yìí kì í lé oníbàárà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ajẹ́ńtì ń jẹ nǹkan. Ajẹ́ńtì tó ní òun ò jẹ nǹkan kan lara máa ń fu wá sí.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó

Amazon kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Alágbàtà ló ń bá ọlọ́jà wá oníbàárà, kí wá nìdí tí alágbàtà á fi sanwó fún ọlọ́jà? Àwọn kan ní ìdáhùn: wọ́n ní owó ìforúkọsílẹ̀ ń lé àwọn aláìnítumọ̀ jìnnà, tàbí pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa tà. Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ni jìbìtì. Àmọ́ ẹ fojú sí ohun tẹ́ ẹ máa tà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà ni, tẹ́ ẹ máa tà fún ẹni tó máa tún tà á fún ẹlòmíràn, ta ló wá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe nǹkan mìíràn?

Ìbéèrè tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni èyí: bí kò bá sí ẹni tuntun kankan tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù yìí, ṣé owó ṣì máa wọlé? Nínú affiliate tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni, torí télọ̀ ṣì nílò ẹ̀rọ. Nínú ìkejì, ó ti parí. A ti rí i tó parí. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni MMM ti àkántì pa mọ́ àwọn èèyàn lójú nígbà tí ọdún Kérésì ku díẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ti CBEX fọ́, tí àwọn kan n'Íbàdàn sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Méjèèjì ní owó fún ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wá, àwọn kan sì pè é ní affiliate lẹ́nu. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn tó ń gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n.

Ohun tó ń dunni jù nínú rẹ̀ kò sí nínú òfin. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga yá owó nínú àjọ ìyá rẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀. Kó lè rí owó náà dá padà, àwọn tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí: ọmọ ìjọ, ará àsàlátù, ọ̀rẹ́ ilé ìwé, àǹtí tó ń ta aṣọ. Wọ́n rà á nítorí òun. Nígbà tí ọjà náà bá já sí òfo, wọn ò mọ ilé iṣẹ́, wọn ò mọ ẹni tó ṣe fídíò, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kúkì. Ọmọ Ìyá Báyìí ni wọ́n mọ̀. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni láti tún orúkọ yẹn ṣe ládùúgbò.

Fọ́tò álàátì tí wọ́n ń gbé kiri kì í ṣe ẹ̀rí. Ó rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀, bó bá sì jẹ́ òótọ́, kò sọ iye tí onítọ̀hún ná sórí ìpolówó kó tó rí i.

Gbígba owó àti owó orí

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Amazon gbọ́dọ̀ ta ọjà mẹ́ta láàrin ọjọ́ 180, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti àkántì rẹ̀ pa. Èyí tó bá fi líǹkì ara rẹ̀ rà fún lílò ara rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Owó tẹ́ ẹ bá sì pa lóṣù kan, ó máa ń tó nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù náà kí wọ́n tó san án. Ẹ fi èyí sọ́kàn bó bá jẹ́ owó ilé lẹ fẹ́ fi san.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọn òǹwòran l'Ọ́ndọ́nù tàbí Houston, bóyá oúnjẹ lẹ̀ ń sè lórí YouTube tí wọ́n sì ń béèrè irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi lọ ẹ̀wà, ẹ mọ̀ pé ètò Amazon ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá dúró. Líǹkì Amẹ́ríkà kò ní fún yín ní nǹkan kan lórí ohun tí ará Peckham bá rà lójú òpó Ìlú Ọba, àfi bẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ náà, tẹ́ ẹ sì fi OneLink so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà tí owó dọ́là ń gbà wọlé ti ń dá àwọn èèyàn lágara tipẹ́. Nígbà tí PayPal wọ Nàìjíríà lọ́dún 2014, fífi owó ránṣẹ́ nìkan ló gbà, kò gba kí a gba owó. Payoneer ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún òkè òkun ń lò. Ẹ yẹ ọ̀nà ìsanwó wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí owó bá pé. Orúkọ tó wà nínú BVN àti NIN yín ni kẹ́ ẹ lò, torí orúkọ ìnagijẹ orí TikTok kò ní bá ti báǹkì mu. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà á tún fún yín ní fọ́ọ̀mù owó orí. W-8BEN ni ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ tí kò sì gbé ibẹ̀.

Owó orí tilé náà wà. Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, owó tí èèyàn ń pa lórí ayélujára sì wà nínú ohun tó kàn. Kò sí owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kan. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Nítorí náà, ẹ ní ìwé kan, bó jẹ́ ìwé ilé ìwé olójú ewé 40, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ tí owó wọlé, iye dọ́là, iye tí náírà jẹ́ lọ́jọ́ náà, àti iye tẹ́ ẹ ná sórí dáta, iná àti irinṣẹ́. Ẹ tọ́jú àwòrán ojú ìwé làádà yín ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti sanwó tàbí wọ́n ti àkántì yín pa, òun lẹ máa kó fún wọn, bó bá sì jẹ́ ilé iṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, òun náà lẹ máa kó fún lọ́yà yín.